Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ajá Tàbí Ológbò Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Adóòlà Ẹranko, Kí Ó sì Pẹ́ Lọ́dọ̀ Yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ajá lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹranko nígboro. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ n'Íbàdàn. Mo ti fọwọ́ ara mi fa ajá lé olówó tuntun lọ́wọ́, mo sì ti fọwọ́ ara mi gbà á padà lọ́jọ́ karùn-ún. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ kò sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ mú un. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Nítorí náà, ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ti Ìbàdàn, Èkó àti agbègbè wọn ni mo ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba, abala tiyín wà nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

1. Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Kíátékà kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ bá kíátékà sọ ọ́, ìyẹn ní kò séwu. Nígbà tí onílé ti Èkó dé lópin oṣù, ó ní kí ajá kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ la lọ gbé e nínú òjò. Ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ó kéré tán.

2. Ẹ bi gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ajá kò ní sọ ọ́ lójú yín, àmọ́ òun ni yóò ṣí géètì sílẹ̀ fún un kó máa lọ. Nínú ilé Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ itọ́ ajá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tó bá kàn gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kí wọ́n tó kírun. Mo mọ ìdílé tó kọ́ ilé ajá sẹ́yìn ọgbà, tí abọ́ rẹ̀ kì í wọ kíṣíìnì, tí àlàáfíà sì wà. Mo tún mọ àwọn tó gba ológbò dípò ajá. Ẹ yanjú ẹ̀ ṣáájú.

3. Ẹ mọ ẹni tí yóò bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò. Kérésìmesì, Iléyá, ìsìnkú nílùú. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n da oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

4. Ẹ ṣírò owó tí yóò máa jáde lóṣooṣù. Oúnjẹ, òògùn aràn, òògùn eégbọn, abẹ́rẹ́ ọdọọdún, àti owó àìròtẹ́lẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń bá ènìyàn lójijì, nítorí ajá kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé.

Ẹ má gba ajá láti fi ṣe ẹ̀bùn àìròtẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ kò tilẹ̀ ní gbà fún yín.

## Ọmọ ajá ni àbí àgbà ajá?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó ń pè mí ló ń béèrè ọmọ ajá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́ ọ láti kékeré kó lè mọ àwọn. Èmi kì í fara mọ́ ọn, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú wọn.

Àgbà ajá ni kẹ́ ẹ mú, tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí. Bó ṣe tóbi tó lẹ̀ ń wò yẹn, kò ní tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ti mọ ìwà rẹ̀: bóyá ó ń lé adìẹ, bóyá ó fẹ́ràn ọmọdé, bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dẹ́rù bà á. Ó ti gba abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ pé ìta la ti ń yàgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì rò pé kò ní mọ olówó rẹ̀, ẹ wá wo ajá ọdún márùn-ún tí màmá kan mú lọ sí Bódìjà. Màmá náà kò lè lọ ra ata kí ajá má jókòó sẹ́nu géètì títí yóò fi dé.

Ọmọ ajá ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, òun ni àrùn pávò. Èébì ni, ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn gan-an, ajá kò sì ní jẹun. Ó lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan ní Àpáta ra ọmọ ajá mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, gbogbo wọn kú. Ó ti ń wò ó pé aráyé ló ń ṣe òun, ó tiẹ̀ ti ń fura sí àbúrò ìyàwó rẹ̀, kó tó di pé dókítà ẹranko bi í pé, "Níbo ni èyí àkọ́kọ́ sùn sí?" Ibì kan náà ni gbogbo wọn sùn sí, lórí àpò kan náà.

Tí ajá kan bá ti fi pávò kú nínú ọgbà yín:

- ẹ má mú ọmọ ajá tí kò tíì parí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀;
- ẹ sun àpò àti àkísà tó fi sùn, ẹ fi bílíìsì (èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní háípò) fọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì: ìwọ̀n bílíìsì 1 sí omi 30, kó wà lórí ilẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó fomi ṣàn án;
- ilẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fọ̀, nítorí náà àgbà ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ "ajá òyìnbó" náà ńkọ́? Ẹ lè rí German Shepherd tàbí Lhasa tí olówó rẹ̀ ti kó lọ sí Kánádà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa láyé já pa yìí. Ṣùgbọ́n ajá ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́, Bíńgò tí gbogbo wa mọ̀. Oòrùn kì í pa á lára, irun rẹ̀ kò fẹ́ wàhálà, oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí àjèjì sún mọ́ ògiri. Èmi ò mọ ohun tí ènìyàn tún ń wá.

## Bí ẹ ṣe lè mọ ẹgbẹ́ gidi

Àwọn oníjìbìtì ti wọ inú iṣẹ́ yìí náà. Wọ́n á jí fọ́tò ọmọ ajá tó rẹwà, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa san. Tẹ́ ẹ bá ti san án, wọ́n á ní ajá ti wà ní páàkì, owó káàdì abẹ́rẹ́ ló kù.

Ẹgbẹ́ gidi:

- yóò jẹ́ kẹ́ ẹ wá fojú rí ẹranko kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀;
- yóò dárúkọ dókítà ẹranko tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ ó sì lè pe dókítà náà;
- yóò bi yín ní ìbéèrè púpọ̀. Ẹni tí kò bá bi yín ní nǹkan kan, ọjà ló ń tà;
- yóò fún yín ní ìwé àdéhùn;
- yóò sọ àléébù ẹranko náà fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè.

Owó tí wọ́n ń gbà kì í ṣe owó ọjà. Abẹ́rẹ́, òògùn aràn àti iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń dí. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín ohun tí wọ́n ti ṣe fún un, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n ná ju ohun tí wọ́n gbà lọ.

## Fọ́ọ̀mù àti ìbẹ̀wò ilé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú. "Ajá lásán-làsàn ni mo ní mo fẹ́, ẹ wá ń bi mí iye yàrá tó wà nílé mi?" Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú wa ti rí. Ẹnìkan gba ajá, ó fi rúbọ. Ẹlòmíràn gba abo ajá, ó ń fi bímọ tà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kọ síwájú orí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń bi gbogbo ènìyàn.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

1. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù: irú ilé, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, ẹranko mìíràn tó wà nílé, wákàtí tí ilé fi ń ṣófo lójúmọ́.
2. Ẹnìkan yóò wá wo ilé yín, tàbí kó ní kẹ́ ẹ ṣe fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ògiri àti géètì ló máa ń wò, kì í ṣe àga yín. Ihò abẹ́ géètì tí ọwọ́ bá gbà, orí ọmọ ajá lè gbà á.
3. Ẹ ó buwọ́ lùwé. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀: ẹ kò ní tà á, ẹ kò ní fi bímọ, ẹgbẹ́ lè wá wò ó, tí kò bá sì ṣeé ṣe mọ́, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lẹ máa dá a padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ẹ má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ní òun kì í kúrò nílé, tó wá ń jáde lágogo márùn-ún ìdájí lọ sí Èkó, ajá tó nílò ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n á fún un. Ajá náà á gbó títí àwọn ará àdúgbò á fi kó ẹjọ́ wá.

## Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wò ó

Ẹ má lọ pẹ̀lú àánú nìkan. Àánú ló ń jẹ́ kí ènìyàn mú èyí tó ń gbọ̀n ní kọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé tó ní ọmọdé mẹ́rin ló ń mú un lọ. Ẹ mú èyí tí ilé yín lè gbà.

Ẹ kó gbogbo ará ilé lọ tó bá ṣeé ṣe. Ẹ jókòó, ẹ má nawọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó wá bá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè:

- Níbo lẹ ti rí i, kí ló ṣe é nígbà náà?
- Abẹ́rẹ́ wo ló ti gbà? Káàdì rẹ̀ dà?
- Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí?
- Báwo ló ṣe ń ṣe tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan abọ́ oúnjẹ rẹ̀?
- Kí ló ń bẹ̀rù: ìgbálẹ̀, ọ̀kadà, ọkùnrin, òjò?
- Kí ló ń jẹ níbí?

Ẹ wo ojú rẹ̀, imú rẹ̀, abẹ́ ìrù rẹ̀. Ojú tó ń ṣepin, ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru kò ní kẹ́ ẹ sá, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó mú un. Bí ọkàn yín bá ń ṣiyèméjì, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbà á tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì péré kẹ́ ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dára ju ìlérí lọ.

## Kí ó tó wọlé

- Abọ́ méjì tí kì í yí dànù
- Kọ́là tó bá ọrùn rẹ̀ mu, tí nọ́ńbà fóònù yín wà lára rẹ̀
- Okùn tó lágbára. Ẹ má fi ṣéènì wúwo so ó sílẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́
- Ibi tó lè sùn tí òjò àti oòrùn kò ní bá a
- Oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ti ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán
- Nọ́ńbà dókítà ẹranko, kó ti wà nínú fóònù yín

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbé e, mọ́tò ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹ sọ fún awakọ̀ ṣáájú pé ajá wà nínú ẹrù yín. Ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀, nítorí yóò bì.

## Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé máa ń fi mẹ́ta-mẹ́ta ṣírò ọ̀nà tí ẹranko fi ń fara mọ́lé. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó máa ń sún mọ́ òótọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó lè má jẹun, ó lè wọ abẹ́ àga kó má jáde. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má pe àlejò wá wò ó, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gbé e. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni:

1. Ẹ fi okùn mú un yí ọgbà ká kẹ́ ẹ tó mú un wọlé, kó kọ́kọ́ tọ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa tọ̀ sí.
2. Ẹ fi ibi tí yóò máa sùn hàn án, ẹ gbé omi sí i.
3. Ẹ bọ́ ọ lásìkò kan náà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì kúrò nídìí abọ́.
4. Okùn kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ tó bá wà níta, bí ọgbà tilẹ̀ ní ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré nọ́ńbà kẹrin yìí. Ajá àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi gbà, ọjọ́ kẹta ló bá géètì jáde. Mo rán ọmọ kan lọ ra omi, géètì kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ní ṣíṣí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi wá a, mo lẹ ìwé mọ́ òpó iná títí dé Sángo. Ìyá alákàrà kan ló pè mí pé ajá kan ń sùn lábẹ́ tábìlì òun, òun ò sì lè lé e nítorí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti sanra ju bó ṣe wà lọ́dọ̀ mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwà rẹ̀ gan-an yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ajá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, kó máa jẹ bàtà, kó máa fo sórí àga. Àsìkò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń pè mí pé a tàn àwọn jẹ, pé ajá yìí kọ́ làwọn mú. Òun ni. Ará ti ń rọ̀ ọ́ ni. Ẹ kọ́ ọ ní ohun kan lẹ́ẹ̀kan: "jókòó", "dúró", "wá". Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Bí bàbá bá ń sọ pé "sọ̀kalẹ̀", tí ọmọ ń sọ pé "gẹ́ dáùn", kò ní gbọ́ ti ẹnì kankan. Tó bá ṣe dáadáa, ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má nà án. Ajá ìgboro ti jẹ ẹgba tó, ẹgba tiyín kò ní kọ́ ọ ní nǹkan tuntun ju pé kó máa sá fún yín.

Ẹ lè yí orúkọ rẹ̀ padà ní àsìkò yìí. Àwọn àgbà wa máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí ọ̀tá: wọ́n á sọ ajá ní Tanímọ̀la, kí aládùúgbò máa gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gé orúkọ náà kúrú. Ajá kì í fetí sí òwe gígùn.

Oṣù mẹ́ta. Ó ti mọ ìró mọ́tò yín. Ìgbà yìí lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀ nínú ọgbà láìsí ìfòyà, bí ó bá ń wá nígbà tẹ́ ẹ bá pè é.

Ọ̀rọ̀ Oṣù Kejìlá yàtọ̀ o. Lálẹ́ tí wọ́n bá ń yin bánǵà, bó ti wù kí ajá ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín tó, ẹ mú un wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan rédíò. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ kìíní ọdún ni fóònù wa kì í sinmi nítorí ajá tó sọnù.

## Oúnjẹ: ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí

Ìrẹsì tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran tí kò ní ata dára. Àjẹkù ọbẹ̀ ni ìṣòro, nítorí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́. Ẹ yọ oúnjẹ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó da ata sí i. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń ya ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ṣokoléètì kò yẹ ẹnu ajá rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó nu ilẹ̀ ilé yín sú.

## Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ, bí ẹgbẹ́ tiẹ̀ ní gbogbo nǹkan ti pé. Dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ni kẹ́ ẹ wá. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB (yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀) l'Ábẹ́òkúta.

- Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi: láti bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.
- Abẹ́rẹ́ pávò àtàwọn yòókù: ọmọ ajá ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọmọ ajá nìyí.
- Iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ: abo ajá lè lóyún láti bí oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju bí oṣù méjì lọ. Akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà fo ògiri wá abo kiri.

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ kì í bi í: "Tí wọ́n bá mú iná lọ, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́?" Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó ti gbóná, omi lásán lẹ gún. Ẹ sì ní kó lẹ ìwé ara ìgò abẹ́rẹ́ náà mọ́ káàdì yín.

Ẹ kíyè sí àwọn "òògùn" àdúgbò wọ̀nyí:

- Òtapíapíá tàbí dichlorvos fún eégbọn. Ó ń pa eégbọn lóòótọ́, ó sì ń pa ajá pẹ̀lú. Ó ń gba ara wọlé, ajá á tún lá a.
- Ọ́ọ̀lì mọ́tò tó ti kọ́ńdẹ̀m fún ara tí irun rẹ̀ ń re. Májèlé ni. Dókítà ní òògùn tó ń wo irú àrùn ara bẹ́ẹ̀.
- Parasitamọ́ọ̀lù fún ológbò. Hóró kan péré lè pa á.

## Tó bá bu ènìyàn jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fò abala yòókù, ẹ ka èyí.

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago.
2. Ẹ má fi epo pupa, ata, tàbí irun ajá náà sí i.
3. Ẹ lọ sílé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kódà kó jẹ́ ojú ọgbẹ́ kékeré. Tí àmì àrùn náà bá ti yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ẹ parí gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ.
4. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́lé, ẹ pe dókítà ẹranko, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tẹ́ ẹ ti pa dànù kò lè sọ fún dókítà bóyá ó ní dìgbòlugi tàbí kò ní.
5. Ẹ pe ẹgbẹ́ tó fún yín.

Ní 28 Oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa fetí sílẹ̀ ládùúgbò yín.

## Tó bá jẹ́ ológbò

Ẹ fi sí yàrá kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ike yanrìn ní igun kan, oúnjẹ àti omi ní igun kejì. Kò gbọ́dọ̀ jáde síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa wá ọ̀nà ibi tó ti wá. Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wò. Òògùn eégbọn ti ajá tó bá ní permethrin nínú kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ sì kó gbogbo òògùn eku kúrò nílé: ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá eku náà lọ.

Ológbò dúdú ló máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Tí àdúgbò yín bá jẹ́ irú èyí tí ènìyàn lè sọ òkò lu ológbò, inú ilé ni kó máa gbé. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá bíi Dogs Trust, RSPCA, Battersea tàbí ẹgbẹ́ kékeré tó wà ládùúgbò yín lẹ máa lọ, ìgbésẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: fọ́ọ̀mù, ìbéèrè, ìpàdé. Ẹ wo ìwé ilé tẹ́ ẹ háyà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní England, òfin ní kí gbogbo ajá ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ awọ láti 2016, ó sì kan ológbò náà láti 10 Oṣù Kẹfà 2024. Ẹgbẹ́ ti máa ń fi í sí i. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ yí àdírẹ́sì padà nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá kó lọ sílé mìíràn. Ajá tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà tó wá láti Naijiria bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yanjú ìyẹn.

## Bí kò bá wọ̀

Ẹ pe ẹgbẹ́ kó tó bàjẹ́ tán. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìṣòro bá yọ, ẹ má dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bínú.
2. Ẹ ṣe fídíò ohun tó ń ṣe. "Ó burú" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.
3. Ẹ gbìyànjú ìmọ̀ràn wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, àyàfi tó bá ti bu ènìyàn jẹ.
4. Tó bá di dandan, ẹ dá a padà pẹ̀lú káàdì rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ má lọ tú u sílẹ̀ lọ́jà. Ẹ má fà á fún mẹkáníìkì. Olùkọ́ kan dá ajá padà fún wa lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ń sunkún, ó rò pé a máa bú òun. Ajá ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa sáré la fún un, òun sì ń fi ẹsẹ̀ dídùn rìn. Àṣìṣe tiwa ni. Lóṣù kejì, ó tún padà wá, ó ní òun kò fẹ́ ajá mọ́, ó wá mú ológbò ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tó ti wà lọ́dọ̀ wa fún ọdún kan àtààbọ̀ láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: orí tẹlifíṣọ̀n, orí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, orí fìríìjì.